TA LÓ GBIN ÌRÓKÒ INÚ IGBÓ ÀKÚRẸ́ ÀTI OǸDÓ?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó mu, ìbáà ṣe ọmọ Èkó tó wá ṣe ìnáwó, ìbáà ṣe òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ìbáà tilẹ̀ ṣe ọmọ bíbí ìlú náà tó ti ń gba ọ̀nà yẹn láti kékeré. Wọ́n á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á rí ewé tútù lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á ní, "Igbó ni." Ó parí. Oorun ló kù.

Ẹ dúró ná. Igbó ta ni? Oko kòkó ní ẹni tó gbìn ín, ọmọ rẹ̀ sì lè fọwọ́ sọ ààlà rẹ̀. Igi gmelina tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé ní Igbó Ọba Olúwa, ìjọba ló gbìn ín. Ṣùgbọ́n ìrókò tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni, ta ló gbẹ́ ihò fún un? Ta ló ju kóró rẹ̀ sílẹ̀? Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Oǹdó, yóò ní, "Ọmọ mi, Olódùmarè ni." Òótọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n Olódùmarè rán àwọn òṣìṣẹ́ kan níṣẹ́ ọ̀hún. Wọn kì í gba owó oṣù, wọn kì í da iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè bá wọn jà. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé inú ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́bàá títì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń parí iṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí.

ILÉ ALÁJÀ TÍ KÒ NÍ ÀTẸ̀GÙN

Igbó ilẹ̀ Oǹdó kì í ṣe igbó ṣákálá. Ẹgàn ni àwọn àgbà ń pe irú rẹ̀, igbó kìjikìji tí òjò ń rọ̀ sí láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Bí ilé alájà ló rí. Lókè pátápátá ni àràbà, ìrókò, arère àti ọ̀gànwó wà, àwọn tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Òmíràn nínú wọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò òmíràn a yọ síta bíi pátákó ńlá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta fi lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyí ni àfọ̀n, àgbálùmọ̀ àti àwọn igi àárín wà. Lábẹ́ tiwọn ni orógbó àti àwọn igi tó fẹ́ràn ibòji. Nísàlẹ̀ pátápátá, lórí ilẹ̀, òkùnkùn ni: nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn 100 tó bọ́ lu orí igbó, bóyá ni 2 fi ń dé ìsàlẹ̀.

Níbi òkùnkùn yẹn gan-an ni ewé eéran ti ń hù, ewé tí gbogbo ìyá onímọ́ínmọ́ín mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń pọ́n mọ́ínmọ́ín lójoojúmọ́ tí kò mọ̀ pé ewé náà ní èso pupa onígun mẹ́ta tó ń so sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nídìí igi rẹ̀. Ohun tó wà lára kóró inú èso náà dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó ju 2,000. Àwọn òyìnbó oníṣúgà ní Lọ́ńdọ̀nù, iléeṣẹ́ Tate & Lyle, ti sọ ọ́ di ọjà, wọ́n sì pè é ní Talin. Nílé, ewé la mọ̀, a kì í bèèrè èso!

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ilẹ̀ tó lọ́ràá jìnnà wálẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn igi náà tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ọ̀rá igbó, orí ilẹ̀ ló wà. Ewé á já bọ́, ikán á jẹ ẹ́, olú á hù lé e, òjò á rin ín, kó tó di ọdún kejì ó ti padà sára igi. Ikán pàápàá tí àwọn ènìyàn ń ṣépè fún nítorí pákó àjà wọn, òun ló ń dáko sínú ọ̀gán rẹ̀: olú ńlá tó ń hù lórí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, oko ikán ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé igi kúrò, tí wọ́n sì fi iná sí ewé, ọ̀rá ilẹ̀ náà ti bá èéfín lọ. Ọdún mélòó kan péré ni ilẹ̀ ọ̀hún yóò fi ṣe dáadáa fún àgbẹ̀.

ÀDÁN DORÍ KODÒ, Ó Ń WÒṢE ÌRÓKÒ

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́. Ta ló gbin ìrókò?

Àdán ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ, irú èyí tó ń dorí kodò lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún lórí igi, òun ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Bí èso ìrókò bá pọ́n, àdán á jẹ ẹ́ lóru, á gbéra, á fò lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, á máa da kóró wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń fò, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ẹyẹ kì í sábà fẹ́ yàgbẹ́ sójú gbalasa. Àdán kò ka ìyẹn sí. Ìdí nìyí tí ìrókò fi ń hù ní ibi tí igi ti ṣubú, ní etí oko, ní ibi tí oòrùn wà, nítorí oòrùn ni ọmọ ìrókò ń fẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ náà ju àdán lọ, kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ igi ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ìrókò kì í fẹ́ kí wọ́n gbin òun lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àgbàdo. Kòkòrò kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Bó bá rí ọ̀pọ̀ ọmọ ìrókò lójú kan, àsè dé nìyẹn: á yé ẹyin sí wọn lára, ewé àti ọ̀mùnú á wú kókó-kòkò, igi á kú láti orí. Ṣùgbọ́n èyí tí àdán dá gbìn sáàárín àwọn igi mìíràn, kòkòrò náà kì í tètè rí i. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìrókò náà kò fẹ́ dá igbó ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ti ọbẹ̀ ààpọ̀n, ọbẹ̀ tí ará Oǹdó lè tìtorí rẹ̀ bínú kúrò nílé àna bí wọn kò bá sè é dáadáa. Inú èso òro ni ààpọ̀n ti ń wá. Kóró òro tóbi, ó le, ẹyẹ kékeré kò lè gbé e mì. Erin ni í gbé e mì. Erin á jẹ òro ní ìdí igi, á rìn títí, kóró náà á bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde ní ibi jíjìn, pẹ̀lú ajílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnìkan bá wá rí igi òro nínú ẹgàn lónìí, ó lè jẹ́ erin tó ti kú láti ayé ògbólógbòó ló gbìn ín.

Òkété náà kò gbẹ́yìn. Lóòótọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ṣùgbọ́n kó tó dàgbà, alágbàṣe ni. Á kó èkùrọ́ àti oríṣiríṣi kóró, á bò wọ́n mọ́lẹ̀ káàkiri de ọjọ́ ìyàn. Èyí tó bá gbàgbé ló ń di igi. Ọ̀bọ ń jẹ àgbálùmọ̀, ó ń tu kóró dànù bó ti ń fò lórí igi. Àtíòro, ẹyẹ alágogo ńlá, ń jẹ èso lókè ó sì ń pọ kóró rẹ̀ sí ibi tó bá dé.

Ọ̀rọ̀ àtíòro tilẹ̀ yẹ kí àwọn tọkọtaya gbọ́. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ihò ara igi àgbà ló máa ń wọ̀. Yóò fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu ihò náà mọ́ ara rẹ̀, yóò ku àlàfo tóóró kan. Akọ ni yóò máa gbé oúnjẹ gba àlàfo náà fún ìyàwó àtàwọn ọmọ, láràárọ̀, lálaalẹ́, títí wọn yóò fi jáde. Bí ọlọ́dẹ bá pa akọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kì í ṣe ẹyẹ kan ló pa. Ìdílé kan ti há sínú igi, ebi yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wọ́n pa. Bí agégẹdú bá sì gé gbogbo igi àgbà oníhò, kò sí ilé tí wọn yóò fi ṣe ìgbéyàwó mọ́.

ẸRAN TÓ MÁA Ń GBÓ LÓRÍ IGI

Bóyá àlejò yóò ní, "Ẹran àti igi wà níbi gbogbo." Ó ṣìnà. Àwọn ẹ̀dá kan wà ní ilẹ̀ yìí tí wọn kò sí lẹ́yìn odi.

Nínú òru, ní àwọn ibi tí igbó ṣì ṣókùnkùn, ẹranko kan wà tó máa ń ké lórí igi. Òfàfà ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ọ̀wàwà. Kò ju ehoro ńlá lọ, inú ihò igi ló ń sùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ lè mú kí àlejò sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìbátan erin ni! Nínú gbogbo ẹranko orí ilẹ̀, erin ló sún mọ́ ọn jù lọ.

Títí di ìgbà tí kò tíì pẹ́, àwọn onímọ̀ ẹranko rò pé òfàfà ilẹ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Cameroon tàbí ti Liberia. Ìgbà tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ lóru ni wọ́n tó mọ̀. Òfàfà ìhà ìlà-oòrùn odò Ọya àti ti ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Volta ní Ghana máa ń pariwo gooro lọ sókè ni. Èyí tó wà láàárín odò méjèèjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń gbó bí ajá. Wọ́n yẹ orí egungun rẹ̀ wò, wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò, ọ̀tọ̀ ni. Ní 2021, ọ̀jọ̀gbọ́n John Oates àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis, ìyẹn ni pé òfàfà àárín odò méjì. Ẹ gbọ́ o: 2021! Ìgbà tí ènìyàn ti lọ sí òṣùpá tó ti bọ̀, ìgbà tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ti ní fóònù lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ẹran tí ọlọ́dẹ ilẹ̀ yìí ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Òfàfà nìkan kọ́. Ọ̀bọ kan wà tó ní irun funfun ní ọrùn bí bàbá arúgbó tó nírùngbọ̀n. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà àti gúúsù Benin àti Togo ni ilé rẹ̀, kò tún sí níbòmíràn nínú ayé. Ní àwọn igbó Ìdànrè, ìnàkí ṣì wà, irú èyí tí Nàìjíríà àti Cameroon nìkan ní, tó sì ti dín kù gidigidi. Obìnrin Nàìjíríà kan, Rachel Ikemeh, gba ẹ̀bùn Whitley ní ìlú òyìnbó ní 2020 nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe kí ìnàkí tó kù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè yìí má bàa parun. Ní ti erin, Igbó Ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bá igbó Olúwa ti ìpínlẹ̀ Oǹdó pààlà, ṣì ní díẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó ń parun sílẹ̀ kéde ní 2021 pé erin inú igbó kìjikìji ti wà ní etí bèbè ìparun. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò ní rí i láti sọ.

IGBÓ Ń LÉ IGBÓ

Kí ló fa èyí? Nǹkan pọ̀. Èkínní ni gedú. Lọ́rì agbégẹdú kò fẹ́ sùn lọ́nà Oǹdó sí Òrè, àwọn sọ́míìlì náà kò sì fẹ́ dákẹ́. Bí ayùn oníńjìnnì ti dé, igi tí ọkùnrin mẹ́rin ń fi ọjọ́ méjì gé láyé àtijọ́ kò pé wákàtí kan mọ́ tó fi wà nílẹ̀.

Èkejì ni kòkó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀gá kòkó ní Nàìjíríà, kò sì sẹ́ni tó lè bú ohun tó rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n oko kòkó tuntun ń wọ inú igbó ọba lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni igi gmelina, tí ìjọba gbìn nígbà kan nítorí pépà. Igi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko ni, kì í ṣe ẹgàn. Kò ní òro, kò ní ihò fún àtíòro. Ẹ̀kẹrin ni igbó. Bẹ́ẹ̀ ni, igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá! Àwọn agbófinró NDLEA ti dáná sun oko rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú àwọn igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbó ń lé igbó, ẹ ò rí ayé lóde?

Ẹ̀karùn-ún ló wá kan ẹni tó wà nínú mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá dẹ eré lẹ́bàá abúlé kan, ọmọdé á gbé ẹran gíga kan sókè níwájú fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá rà á, àárọ̀ yìí ló kú!" Dírẹ́bà á ní, "Ẹ̀yin èrò, ṣé ká dúró?" Èrò kan á ní, "Bàbá, ẹ dúró jàre, iyán alẹ́ òní ti gún." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láyé kábáàdì àti ìbọn ṣakabùlà, ọlọ́dẹ ń pa ti ilé rẹ̀ àti díẹ̀ fún ọjà abúlé. Ní báyìí, ẹran tí wọ́n pa ní Ìdànrè lóru lè di ata rodo ní Èkó kó tó di ọ̀sán. Ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ti pọ̀ ju ẹran tó wà nínú igbó lọ.

Kò sẹ́ni tó ní kí ará Oǹdó máa jẹ iyán pẹ̀lú omi lásán o. Ẹran yàtọ̀ sí ẹran. Ọ̀yà ń bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún; àwọn kan tilẹ̀ ti ń sìn ín nílé bí ẹni ń sin adìẹ. Òkété náà ń bí púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkíkà, ẹran onípẹ́ẹ́pẹ́ tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ìnàkí lè lo ọdún márùn-ún kó tó bí òmíràn. Erin ń lóyún fún oṣù 22. Bí ènìyàn bá pa irú àwọn wọ̀nyí, owó ìpìlẹ̀ ló ń ná, kì í ṣe èrè. Òfin tó lòdì sí i sì ti wà nílẹ̀ láti 1985, ìnàkí àti àkíkà sì wà lára àwọn tí òfin náà dáàbò bò. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fi òfin de títà àkíkà àti odídẹrẹ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Òfin wà, ọbẹ̀ náà ṣì wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá burú sí rèé. Bí igi bá ṣubú, gbogbo ayé ló ń rí i. Bí ẹran bá tán, igbó ṣì dúró, ewé rẹ̀ ṣì tutù, fọ́tò rẹ̀ sì tún rẹwà. Ṣùgbọ́n kóró òro á máa jẹrà nídìí ìyá rẹ̀, àgbálùmọ̀ á máa jábọ́ lójú kan náà. Àwọn igi àgbà á máa dúró bí arúgbó tí kò ní ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó, kò sí arọ́pò. Igbó tó dákẹ́ ti kú, òkú rẹ̀ ni kò tíì ṣubú.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Àgbẹ̀ kòkó gan-an ni kó kọ́kọ́ rò ó. Òdòdó kòkó kékeré tó ń yọ lára igi, oyin kọ́ ló sábà ń mú un di èso, atẹ́gùn kọ́. Eṣinṣin tíńtín kan ni, inú ewé jíjẹrà tó tutù ló sì ń pamọ sí. Bí igbó bá lọ tí ilẹ̀ gbẹ, eṣinṣin á dín kù, kòkó á yọ òdòdó rẹpẹtẹ, èso rẹ̀ á sì ṣọ̀wọ́n. Àgbẹ̀ á ní ayé ló ń ṣe òun. Omi náà ńkọ́? Igbó ló ń rọra tú òjò sílẹ̀ fún odò bíi Ọ̀wẹnà, kì í jẹ́ kó ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì gbẹ lẹ́yìn ọ̀la.

BÍ ÀLEJÒ YÓÒ ṢE RÍRAN

Ẹni tó bá wá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i ńkọ́? Ibẹ̀ kò jìnnà. Lágbègbè Àpọnmu, nínú Igbó Ọba Àkúrẹ́, ilẹ̀ kan wà tí kò ju hẹ́kítà 32 lọ, tí àwọn onígbó ń pè ní Queen's Plot. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, ń lọ ka igi ibẹ̀, nítorí kò sí ibi púpọ̀ mọ́ tí ènìyàn ti lè rí bí ẹgàn ṣe rí tẹ́lẹ̀. Hẹ́kítà 32! Oko àwọn ọlọ́lá kan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdànrè náà wà nítòsí Àkúrẹ́, àwọn àpáta rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé tí UNESCO ń kọ orúkọ sí de ìgbà tí wọn yóò gbà á wọlé, láti 2007. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, kí ẹni tó sanra má kánjú. Ẹni tó bá dé òkè, kó má wo ìlú nìkan. Kó wo igbó tó yí àpáta ká. Ìdànrè náà ló ní ọdún tí wọ́n ti ń wọ ihò lọ pa àdán. Àwọn oníṣègùn ti wá ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ ní 2010 àti 2013 nítorí kòkòrò àrùn tó jọ ti dìgbòlugi. Nítorí náà, kí àlejò má fọwọ́ kan àdán, ó kéré tán kí ó jẹ́ kí ẹni tó ń gbin ìrókò ríbi sùn.

Lágbègbè Isarun, Ihò Ẹlẹ́ẹ́rú wà níbẹ̀. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wú egungun ènìyàn kan jáde níbẹ̀ tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ọdún. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́ tí ènìyàn àti igbó ti ń gbé pọ̀ ní ilẹ̀ yìí! Orúkọ ẹni tí ìtàn Àkúrẹ́ sọ pé ó tẹ ìlú náà dó pàápàá, Aṣọdẹbóyèdé, ọ̀rọ̀ ọdẹ ló wà nínú rẹ̀. Igbó ló bọ́ àwọn ìlú yìí dàgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má dá wọ igbó o. Kó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì àwọn onígbó ọba, kó gba ìwé àṣẹ, kó sì mú ọmọ abúlé tó mọ̀nà dání. Ayé kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bóyá ọ̀nà dára. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà máa ń ṣe é rìn, ìdájí sì ni ẹran àti ẹyẹ máa ń jáde. Kó wọ bàtà gígùn nítorí ìjàlọ, tí í gba ojú ọ̀nà bí ológun tí kì í sì í mọ ọ̀gá. Kó má wọ aṣọ pupa, kó má tan rédíò. Bó bá dé inú igbó, kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Etí ló ń kọ́kọ́ ríran nínú ẹgàn. Yóò gbọ́ fùú-fùú ìyẹ́ àtíòro lókè bí ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Yóò gbọ́ èso tó ń já bọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀bọ ló jù ú sílẹ̀. Bó bá sì dúró títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi pé tí kò gbọ́ nǹkan kan, kó má ṣe rò pé orí burúkú ló bá òun wá. Ó ti gbọ́ ìròyìn igbó náà nìyẹn.

Nígbà tó bá ń padà bọ̀, tí ọmọdé sì gbé àkíkà sókè lójú fèrèsé, òun ló kù sí lọ́wọ́. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀. Owó ilé ìwé ló ń wá. Bí èrò bá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyin, àgbálùmọ̀ tàbí ààpọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó yẹ, ó ti san owó iṣẹ́ fún gbogbo ìdílé náà láìsí pé ó ra ẹ̀mí òṣìṣẹ́ igbó.

Ẹ̀yin àgbà ọlọ́dẹ Ìdànrè, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Òrè, ẹ̀yin ìyá tó ń já ewé eéran, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Kí ni ẹ ń pe òfàfà ní abúlé yín? Ìgbà wo ni ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ kẹ́yìn? Ẹ kọ ọdún náà síbẹ̀, kí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù, kí àwọn tó ṣì ń gbọ́ ọ sì mọ̀ pé ọrọ̀ ń bẹ lórí igi ilé wọn.